Ẹni Tó Fi Eyín Bó Wáyà

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún yín ti gbà kí ẹ máa gun àtẹ̀gùn láìbú u? Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀wù òtútù tí wọ́n hun fún mi bá mi mu, àfi apá kan tó gùn ju èkejì lọ. Mo ti ń ká a sókè.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ tí mo fẹ́ rò fún yín lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ mọ̀ pé yàrá tí mo ti ń dán etí ènìyàn wò kò ní fèrèsé. Wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀ kí ariwo ìta má baà wọlé. Aláìsàn á jókòó sínú rẹ̀, á fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí, èmi á wà lẹ́yìn gíláàsì, mà á máa rán ìró kéékèèké sí i. Bó bá ti gbọ́, á tẹ bọ́tìnì. Iṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ni.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá àgbàlagbà kan wọlé. Wọ́n ga bí òpó iná, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Aago ni wọ́n ń tún ṣe ní òpópónà tó wà lẹ́yìn ọsibítù wa. Mo wá sọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn kí n tó bẹ̀rẹ̀: "Mò ń dán ọ̀nà wò o. Ẹni tó bá ń gbọ́ mi, kó dáhùn."

Bàbá náà kò tẹ bọ́tìnì. Wọ́n dìde, wọ́n wá síbi gíláàsì, wọ́n tẹjú mọ́ mi. "Ta ló kọ́ ẹ ní gbólóhùn yẹn?"

Mo ní bàbá mi ni, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń pè wá láti yàrá kan sí èkejì nígbà tí a wà ní kékeré.

Ni wọ́n bá fọwọ́ gbá gíláàsì mi. "Etí-Ehoro! Ọmọ Etí-Ehoro nìyí! Wo bó ṣe da orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!"

Bàbá, ta ni Etí-Ehoro? Láti ìgbà tí ẹ ti bí mi, mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Wọ́n ní orúkọ yín nìyẹn lójú ogun, àti pé Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ni tiwọn. Wọ́n ní ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń bójú tó wáyà fóònù àwọn ọmọ ogun. Wọ́n sọ ti ọjọ́ odò fún mi: pé ìjà ń lọ létí odò kan, wáyà já, ẹ̀mú wọn ti sọnù, ni wọ́n bá fi eyín bó rọ́bà ara wáyà kí wọ́n lè so ó pọ̀. Ẹ̀yin lápá kejì kò sì mọ̀, ẹ kàn ń yí ọwọ́ ara fóònù tó ń rán iná sínú wáyà láti fi mọ̀ bóyá ọ̀nà ti ṣí, iná sì ń gbá wọn lẹ́nu ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí i. "Bàbá tó bí mi kò nà mí tó bí bàbá ẹ ṣe nà mí lọ́jọ́ náà." Mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá kanlẹ̀kùn.

Ẹ wò ó, ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyí. Ìgbìmọ̀ kan ti jókòó báyìí nípa àwọn ọmọ ogun tí wọ́n gbàgbé nígbà tí wọ́n ń pín àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n fẹ́ ẹ̀rí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀, kó tó dé ìparí oṣù kẹfà. Nínú àwọn mìíràn tó wà níbẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ kù. Ẹ bá mi kọ ọ́ fún Bàbá Aago. Bí mo ṣe ń pè wọ́n nìyẹn.

Èmi ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ara wa le. Orúnkún mi kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣí lẹ́tà.

Nínú iṣẹ́ tí mo kọ́, ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ lórí wáyà gbọ́dọ̀ tún un sọ padà fún ẹni tó rán an kó tó ṣe ohunkóhun. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n sọ fún pé "ẹ dúró" tó lọ jẹ́ ẹ ní "ẹ yìn ín", kò sí bó ṣe fẹ́ kó ọta ìbọn padà. Nítorí náà, mò ń tún tìrẹ sọ: O rí bàbá kan. Bàbá náà ga. Bàbá náà ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín. O ti fi "Bàbá" síwájú orúkọ rẹ̀. O wá fẹ́ kí bàbá tó bí ọ kọ̀wé, kí wọ́n lè fún bàbá tó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín ní irú ohun tí wọ́n fún bàbá tó bí ọ. Bí mo bá ṣì í gbọ́, tọ́ mi sọ́nà.

Mo ní ìbéèrè. Ṣé ó ṣì máa ń fọwọ́ gbá ènìyàn léjìká bó bá ń rẹ́rìn-ín? Eyín mélòó ló ní ó ká? Nígbà tó kọ́kọ́ ń sọ ọ́, ẹyọ kan ni. Lẹ́yìn náà ó di méjì. Kí ọlọ́jọ́ tó dé, gbogbo ẹnu ni yóò ti ká tán.

Ìyá rẹ já lẹ́tà náà gbà lọ́wọ́ mi kí n tó kà á parí. Ó dé ibi orúkọ ọkùnrin náà, ó figbe ta: "Háà! Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ṣì wà láyé!" Ó jókòó, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Kò rántí bi mí bóyá mo ti jẹun.

Jẹ́ ká fi ti ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ná. Ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ akọ̀wé. Kí o má sì fún un ní tíì nínú ife tí ìyá rẹ kó fún ọ. Ife ilé wa ni.

Bàbá rẹ (kò sí òmíràn)


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ sì gbọ́ èyí tí mi ò sọ mọ́ ọn. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní òpópónà wa, Bàbá Búrẹ́dì ni mò ń pè é. Kò tíì gba ogún yín.

Àmọ́ kí n má purọ́, èmi gan-an ló yẹ kí n máa jowú. Ṣé ẹ mọ ohun tí Bàbá Aago sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá? Wọ́n ní bí ìjà bá rọlẹ̀, ẹ máa ń kọrin lórí wáyà, kí ẹni tó wà lápá kejì lè mọ̀ pé ọ̀nà ṣì ṣí. Wọ́n ní bí orin bá tán, ẹ á máa ṣe bí ewúrẹ́, ẹ á máa ṣe bí ọ̀gá yín. Ẹ̀yin! Nínú ilé tí ẹ ti tọ́ wa, ẹ kì í sọ tó gbólóhùn mẹ́rin kí abọ́ tó kúrò nílẹ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì máa ń jẹ́ "ẹ ti ilẹ̀kùn". Ó ń ṣe mí bí ẹni tó padà sílé bàbá rẹ̀ tó bá àlejò nínú yàrá kan, tí òun kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yàrá náà wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń lé mi. Inú etí wa lọ́hùn-ún, irun wẹ́wẹ́ kan wà níbẹ̀ tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Àwọn ló ń gba ìró wọlé. Bí ariwo ńlá bá pa wọ́n, wọn kì í hù mọ́. Etí ọ̀tún Bàbá Aago ti kú pátápátá láti ọjọ́ odò yẹn. Ti òsì ń lọ. Mo ti fi ẹ̀rọ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í jí òkú. Mo fẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ orúkọ ara wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é jáde láàárín àwùjọ. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹnu tó ń mì nìkan ni wọ́n máa rí.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mi ò rí èsì. Mo bi ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ní lẹ́tà kankan kò sọnù. Ẹni tó kọ́ wa pé a kì í jẹ́ kí ọ̀nà dákẹ́ ló dákẹ́ yìí.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá Aago. Wọ́n ní, "Fi í lọ́rùn sílẹ̀. Bí Etí-Ehoro bá ń jowú, ńṣe ló máa ń dà bí ìṣáná tí omi kàn. O lè ha á títí." Inú bí mi pé ìyẹn náà, wọ́n tún mọ̀ ọ́n ṣáájú mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo ti fi ẹ̀rí tí o béèrè sínú àpò ìwé yìí. Mo buwọ́ lù ú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí, kí ó má baà jọ pé mo fi nǹkan pamọ́: "Mo mọ ọkùnrin tí à ń sọ yìí. Ó wà níbẹ̀."

Bó o bá rí i pé ó kúrú, gbọ́ èyí. Nígbà tí ìwọ ṣì ń rákò, ó wá kí wa. Mo ti ń sọ ti ọjọ́ odò yẹn fún ìyá rẹ ṣáájú ìgbà náà. Bí mo bá ń sọ ọ́, á mirí, á ní "ẹ pẹ̀lẹ́ o", á sì máa rán aṣọ rẹ̀ lọ. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyá rẹ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó ní kó tún un sọ. Èmi wà níbẹ̀, mò ń bu omi. Nínú ìtàn tirẹ̀, ọwọ́ tó ń yí fóònù lásán ni mí. Ọwọ́! Kò tilẹ̀ ní orí.

Láti ọjọ́ náà, n kò sọ ogun fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kí ni mo ní tí mo lè sọ? Mo jókòó sínú kòtò, mo ń ka nọ́ńbà sínú fóònù. Àmì ẹ̀yẹ wà láyà mi, ìtàn wà lẹ́nu rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé a pín in. Ìwọ wá ní kí n mú ìpín tèmi náà kí n fi fún un.

Bàbá rẹ

Èmi ìyá rẹ ni mo kọ èyí sísàlẹ̀, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lẹ̀ ẹ́. Má dá a lóhùn. Owú ló ń jẹ ẹ́, oúnjẹ ni kò jẹ. Mo ti sọ fún un pé bí kò bá kọ ọ́ dáadáa, èmi á kọ ọ́. Mo mọ ìtàn náà lórí.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

"Ó wà níbẹ̀." Afárá orí odò náà wà níbẹ̀, Bàbá. Ṣé kí n lọ gba àmì ẹ̀yẹ fún afárá?

Mi ò ní fi ìwé yìí síwájú ìgbìmọ̀. Mi ò tíì fi han Bàbá Aago, mi ò sì ní fi hàn wọ́n.

Ẹ ní kí lẹ ní tí ẹ lè sọ. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ mi gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbọ́, iṣẹ́ tí mo yàn láàyò nìyẹn, ta lẹ rò pé mo kọ́kọ́ ń dẹ etí sí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn? Ẹ jókòó sínú kòtò. Ó dáa. Kí lẹ rí níbẹ̀? Mi ò bèèrè lọ́wọ́ Bàbá Aago. Ẹ̀yin ni mò ń bi.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ kò ní sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí Màmá kọ tiwọn ránṣẹ́. Oṣù kẹfà ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Ìyá rẹ kọ ojú ewé mẹ́fà. Mo kà á. Ó ní òkun la sọdá. Odò ni. Ó ní oòrùn ń mú. Òjò ló ń rọ̀, ìdí nìyẹn tí wáyà fi ń yọ̀ lọ́wọ́. Mo sọ fún un, ó ní, "Ṣé ìwọ lo ń sọ ìtàn ni àbí èmi?" Mo ṣì lè fara da ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ pé ìbọn àwọn ọ̀tá ló fọ́ Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ létí. Ìyẹn ni n kò lè jẹ́ kó kọjá. Mo fa ìwé náà ya, ìyá rẹ kò sì bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Bó ṣe jẹ́ gan-an nìyí.

Odò wà lẹ́yìn wa, afárá kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun wa ń gba orí afárá náà padà, àwọn ọ̀tá sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Pápá kan ló wà láàárín odò àti àwọn ọ̀tá. Àwọn àgbá ìbọn wa wà lẹ́yìn òkè, níbi tí wọn kò ti lè rí pápá náà rárá. Èmi ni ojú wọn. Mo wà nínú kòtò létí odò, mò ń sọ fún wọn lórí fóònù ibi tí ọta wọn ń bọ́ sí: ẹ sún un sí òsì, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀. Bí wáyà bá já, àgbá fọ́jú nìyẹn. Afọ́jú tó bá sì ń yìnbọn, tiwa ló máa pa.

Wáyà tó so mí pọ̀ mọ́ àwọn àgbá kọjá gba inú pápá náà. Ó já. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ kò dúró de àṣẹ. A kì í fi ojú wá ibi tí wáyà ti já. O máa jẹ́ kó máa kọjá láàárín ìka rẹ bí o ṣe ń rìn, títí ìka rẹ yóò fi bọ́ sí òfìfo. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tòun ti gíga rẹ̀ yẹn. Apá ti eyín, òótọ́ ni. Mò ń yí ọwọ́ fóònù, n kò mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ni iná ń lọ. Ó ní fóònù kékeré kan tí à ń so mọ́ wáyà láti fi dán an wò. Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́: "Etí-Ehoro, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, fi nǹkan yẹn sílẹ̀, o ti fẹ́ẹ̀ pa mí tán." Èmi àti òun rẹ́rìn-ín. Nínú òjò yẹn, nínú ìbọn yẹn, a rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ibẹ̀ ló máa ń parí ìtàn rẹ̀ sí. Kì í kọjá ibẹ̀.

Mo ní kó máa bọ̀. Ó wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé àwọn ọ̀tá ti wọ pápá, pé wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò omi tí òun dùbúlẹ̀ sí. Ó ní, "Pe àgbá sí pápá." Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?" Ó ní, "Mo mọ ibi tí mo wà. Tún ọ̀rọ̀ mi sọ." N kò tún un sọ. Ó ní, "Oníwáyà, tún ọ̀rọ̀ mi sọ padà." Mo tún un sọ: "Kí n pe àgbá sí pápá." Ó ní, "O gbọ́ mi dáadáa." Ó sì yọ fóònù tirẹ̀ kúrò lára wáyà kí n má baà rí i bẹ̀.

Mo pe nọ́ńbà tó júwe pápá náà fún àwọn tó wà nídìí àgbá. Mo pè é ketekete. Gbogbo àwọn tó kù sọdá afárá. Ìwé tí wọ́n kọ mọ́ àmì ẹ̀yẹ mi sọ pé ohùn mi kò gbọ̀n. Kò gbọ̀n lóòótọ́. Ohun tí wọ́n fún mi ní nǹkan lé lórí nìyẹn, ọmọ mi. Ìbọn wa ló fọ́ ọ létí, ẹnu mi ló sì júwe ibẹ̀ fún un. Àwọn agbókùú ẹgbẹ́ ogun mìíràn ló rí i tó ṣì ń mí, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù jíjìn kan tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá wa tí ì bá kọ orúkọ rẹ̀ ti kú kó tó jí. Èmi náà rò pé ó ti kú, àfi ọjọ́ tó kanlẹ̀kùn wa.

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mò ń jowú ìtàn rẹ̀ nítorí pé ó dùn. N kò ronú rí pé ńṣe ló gé e síbi tó dùn nítorí mi. Ó jókòó sínú ilé mi, ó sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó rí mi tí mo ń bu omi, ó sì dá a dúró síbi eyín. Ó ti fi ìyókù sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Kọ́kọ́ kà á fún un, létí òsì. Bó bá ní kí o yọ apá ìparí, má yọ ọ́. Lẹ́yìn náà kí o fi fún ìgbìmọ̀. Kí o sì mọ̀ pé n kò tíì gbà kí o máa pè é ní Bàbá.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Bàbá mi,

Wọ́n ti gbà á. Ìgbìmọ̀ kò bèèrè ẹ̀rí mìíràn. Lánàá, wọ́n pe orúkọ Bàbá Aago nínú gbọ̀ngàn kan tó kún, wọ́n sì gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ torí wọ́n dìde kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ bí ó ṣe lọ lọ́jọ́ tí mo kà á fún wọn. Mo kà á nínú yàrá mi tí kò ní fèrèsé yẹn, kí ariwo má baà gba ọ̀rọ̀ kankan lọ. Nígbà tí mo dé ibi tí ìtàn tiwọn máa ń parí sí, wọ́n gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró. Mi ò dúró. Wọ́n bo ojú. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n ní, "Ta ló kọ èyí?"

Mo ní, "Bàbá mi."

"Etí-Ehoro? Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ báyìí, ó wá jẹ́ kí n máa fi eyín mi ṣe eré kiri láti ọjọ́ yìí wá?" Wọ́n dìde, wọ́n dé fìlà, wọ́n sọ fún mi láti ẹnu ọ̀nà pé, "Kọ̀wé sí i. Sọ fún un pé ó ti gba ìtàn mi mọ́ mi lọ́wọ́." Inú ń bí wọn, Bàbá, inú ń bí wọn gan-an ni, omijé sì wà lójú wọn. Wọn kò yà sọ́dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Nígbà tí wọ́n padà wá, nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n bá wá: kí n fún àwọn ní lẹ́tà yín kí àwọn máa fi í pamọ́. Wọ́n ní àwọn lẹ kọ ọ́ fún. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n bú mi, wọ́n ní àwọn á tún gbogbo aago ilé mi ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní ẹ̀dà wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, kí wọ́n lọ bèèrè níbẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ ti di ti ẹ̀yin méjèèjì, mo sì bá yín yọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà, kì í ṣe orúkọ wọn lẹ kọ síbẹ̀. Ẹ kọ "Ọmọ mi". Mi ò ní fún wọn.

Ọmọ yín